Ọ̀tún Ta Ni, Òsì Ta Ni? Èrò lórí Orúkọ tí ó Yẹ Ọ̀pá Họ́kì

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í dá olùtumọ̀ dúró rárá, tí ó sì yẹ kí ó dá a dúró. 'Ọ̀tún' ni ọ̀rọ̀ náà. Ìkejì rẹ̀ ni 'òsì'. Ọmọdé kò tí ì pẹ́ láyé kí ó tó mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, bí olùtumọ̀ bá ń yí ìwé eré ìdárayá padà sí Yorùbá, tí ó sì dé ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti pe ọ̀pá họ́kì kan ní ọ̀pá ọlọ́wọ́ ọ̀tún, kì í wo ọ̀tún wo òsì kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Yóò fi agbára rẹ̀ pamọ́ de àwọn ọ̀rọ̀ tí ó rò pé ó le. Èrò tí a gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé ibi tí ó dà bí ẹni pé ó rọrùn yẹn gan-an ni àṣìṣe fara pamọ́ sí. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pá náà kò sọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe. Bí a bá tú u ní ọ̀rọ̀ kan sí ọ̀rọ̀ kan, yóò ṣi ọmọ tí ń kọ́ eré lọ́nà, yóò sì lé ọmọ tí ń lo ọwọ́ òsì kúrò nídìí eré tí òfin eré fúnra rẹ̀ kò lé e kúrò.

Ọ̀pá kan ṣoṣo tí òfin mọ̀

Eré họ́kì méjì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ fún ara wọn. Ọ̀kan ni họ́kì orí pápá, èyí tí ó wà lára àwọn eré tí a ń gbá ní Nàìjíríà. Èkejì ni họ́kì orí yìnyín, èyí tí ó fìdí múlẹ̀ jù ní Kánádà, tí àwọn eléré ń wọ bàtà onírin, tí wọ́n sì ń gbá rọ́bà pẹlẹbẹ róbótó dípò bọ́ọ̀lù. Ọ̀rọ̀ ọ̀tún àti òsì kò rí bákan náà nínú àwọn méjèèjì.

Họ́kì orí pápá ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Àjọ Họ́kì Àgbáyé, tí a dá sílẹ̀ ní Paris ní ọdún 1924, ni ó ń ṣe òfin rẹ̀. Òfin yìí fi ìwọ̀n de ọ̀pá náà gírígírí. Kò gbọdọ̀ gùn ju sẹ̀ǹtímítà 105 lọ. Kò gbọdọ̀ wúwo ju gíráàmù 737 lọ. Ó gbọdọ̀ lè gba inú òrùka tí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 51 kọjá. Bí ara rẹ̀ bá sì tẹ̀, ìtẹ̀ náà kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 25 lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kàn wá jù lọ ni òfin tí ó jẹ mọ́ ojú ọ̀pá. Bí a bá na ọ̀pá náà ró ní iwájú wa, tí orí rẹ̀ wà nílẹ̀, tí imú rẹ̀ sì kọ sí iwájú, apá òsì rẹ̀ ni ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Apá ọ̀tún rẹ̀ rí rubutu bí ẹ̀yìn igbá. Ìhà tí ó tẹ́ yìí ni a gbọdọ̀ fi gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀yìn ọ̀pá gbá a ti rú òfin. Òfin kò sì gba ọ̀pá mìíràn láyè tí ojú rẹ̀ yóò kọ sí ọ̀tún. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni o, ọlọ́wọ́ òsì ni o, ọ̀pá kan náà ni gbogbo wọn ń mú wọ pápá.

Ìdí tí a sábà máa ń sọ fún òfin yìí ni ààbò. Bí ẹni kan bá ń fi ọ̀pá láti ọ̀tún wá sí òsì, tí ẹlòmíràn sì ń fì í láti òsì lọ sí ọ̀tún, nídìí bọ́ọ̀lù kan náà, ọ̀pá méjèèjì yóò máa pàdé ara wọn, tàbí kí wọ́n pàdé ojúgun. Bí ó ti wù kí ó rí, òfin náà ti sọ eré yìí di eré tí ọgbọ́n rẹ̀ wà nínú yíyí ọ̀pá padà. Ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wa wà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọwọ́ eléré dáadáa. Ọwọ́ òsì ni ó wà ní òkè pátápátá, tí ó di èèkù ọ̀pá mú ṣinṣin. Ọwọ́ ọ̀tún wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ń gbé ọ̀pá ró, ó sì ń fi agbára tì í nígbà tí a bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sí apá òsì eléré, kò lè fi ẹ̀yìn ọ̀pá gbá a, nítorí òfin kò gbà. Ó ní láti yí ọ̀pá náà po kí imú rẹ̀ dorí kodò, kí ojú tí ó tẹ́ lè kan bọ́ọ̀lù láti ìhà kejì. Ọwọ́ wo ni ó ń yí i? Ọwọ́ òsì ni. Ọwọ́ ọ̀tún a dẹ̀ díẹ̀, ọ̀pá a sì yí nínú rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ òsì rẹ̀ kò bá gbọ́n kò lè jẹ́ eléré họ́kì gidi.

Nítorí náà, ọ̀pá tí Gẹ̀ẹ́sì pè ní ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì ni atukọ̀ rẹ̀. Bí olùkọ́ kan bá sọ fún ọmọ tí ń lo ọwọ́ òsì pé ọ̀pá ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni gbogbo ọ̀pá tí ó wà lórí pápá, ọmọ náà yóò gbọ́ pé eré yìí kì í ṣe ti òun. Òótọ́ ibẹ̀ sì ni pé ọwọ́ tí ó gbọ́n lára rẹ̀ gan-an ni eré náà fi sí ipò ọ̀gá.

Nígbà tí ìtẹ̀ wọ ojú ọ̀pá

Ní orí yìnyín, ọ̀tọ̀ ni ìtàn rẹ̀. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ojú ọ̀pá tí ọ̀pọ̀ eléré ń lò tọ́ gbọnrangandan, ìhà rẹ̀ méjèèjì sì dọ́gba. Gordie Howe, ọ̀kan nínú àwọn àgbà eléré ìgbà náà, lè gbá rọ́bà láti apá ọ̀tún ara rẹ̀, kí ó sì pààrọ̀ ọwọ́ kí ó gbá a láti apá òsì, pẹ̀lú ọ̀pá kan náà. Bill Durnan, tí ó ṣọ́ ilé fún Montreal Canadiens láti ọdún 1943 dé ọdún 1950, ní ìbọ̀wọ́ tí a ṣe ní àrà ọ̀tọ̀, tí ó fi lè gbé ọ̀pá láti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá bá ṣe ń bọ̀. Láàrin sáà méje tí ó fi ṣeré, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ó gba ife-ẹ̀yẹ Vezina tí a máa ń fún aṣọ́lé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 yìí ni Stan Mikita àti Bobby Hull, tí àwọn méjèèjì wà nínú ẹgbẹ́ Chicago, sọ ọ̀pá tí ojú rẹ̀ tẹ̀ di ohun tí gbogbo ènìyàn ń wá. Rọ́bà tí ó bá kúrò nínú ìtẹ̀ ọ̀pá bẹ́ẹ̀ a máa yára, a sì máa yà kúrò ní ojú ọ̀nà tí aṣọ́lé fọkàn sí. Ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí líìgì ńlá ti Àríwá Amẹ́ríkà, NHL, fi ní láti fi ìwọ̀n sí ìtẹ̀ náà. Ní ọdún 1970, òfin kò jẹ́ kí ó ju ìdajì íǹṣì kan lọ. Ní ọdún 2006, a fi kún un títí ó fi di ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì kan.

Ohun tí ìtẹ̀ yìí mú wá fún onímọ̀ èdè ni pé ó ya ọ̀pá sí méjì. Ojú tí ó tẹ̀ kì í ní ìhà méjì tí ó dọ́gba. Inú rẹ̀ dára fún gbígbá. Ẹ̀yìn rẹ̀ a máa jẹ́ kí rọ́bà yọ́ lọ. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ra ọ̀pá ní láti yan èyí tí ó tẹ̀ sí ìhà kan tàbí èyí tí ó tẹ̀ sí ìhà kejì. Gẹ̀ẹ́sì pe ọ̀kan ní ti òsì, ó sì pe èkejì ní ti ọ̀tún.

Ìṣòro wá dé. Nínú àwọn eléré NHL, àwọn tí ń lo ọ̀pá tí a ń pè ní ti òsì ju ìdajì lọ. Ní Kánádà, ọ̀pá òsì ni ó ń tà jù. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pá ọ̀tún ni. Bẹ́ẹ̀ ni a sì mọ̀ pé, nínú ènìyàn mẹ́wàá, bí ẹnì kan ni ó ń lo ọwọ́ òsì. Ṣé òsì ni àwọn ará Kánádà fi ń kọ̀wé ni? Rárá o. Wayne Gretzky, ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òun ni ọba eré yìí, ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi ń kọ̀wé, ọ̀pá òsì ni ó sì fi ṣeré ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí yìnyín. Àlàyé tí ó wà níbẹ̀ kò le. Ọwọ́ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ ọ̀pá lórúkọ, kì í ṣe ọwọ́ tí ẹni náà fi ń jẹun. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ eré ní Kánádà sì gbà pé ọwọ́ tí ó gbọ́n jù ni ó yẹ kí ó wà ní òkè láti máa darí ọ̀pá. Nítorí náà, ọlọ́wọ́ ọ̀tún a gbé ọ̀tún rẹ̀ sí òkè, òsì rẹ̀ a wá sí ìsàlẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ a sì di ti òsì.

Ẹ wo òbí kan tí ó jẹ́ Yorùbá, tí ó ń gbé ní Chicago, tí ó fẹ́ ra ọ̀pá fún ọmọ rẹ̀. Bí a bá ti tú orúkọ náà sí 'ọ̀pá ọlọ́wọ́ òsì' fún un, kò sí bí yóò ṣe mọ̀ pé ọ̀pá náà lè yẹ ọmọ rẹ̀ tí ń fi ọ̀tún kọ̀wé. Àwọn tí wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti inú eré ti mọ àṣírí orúkọ náà. Ẹni tí ó gbọ́ ọ láti inú ìtumọ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ìtumọ̀ tí ó gbé ọ̀rọ̀ wá tí kò gbé àṣírí ọ̀rọ̀ wá, ẹrù tí a jí inú rẹ̀ kó ni.

Ọ̀pá fún ọwọ́ méjèèjì

Ní ìsinsìnyí tí a ti ń fi kábọ́ọ̀nù àti okun gíláàsì ṣe ọ̀pá, tí kò fi di dandan mọ́ kí a tẹ igi, ó rọrùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láti ronú ọ̀pá tí ọlọ́wọ́ ọ̀tún àti ọlọ́wọ́ òsì lè jọ lò. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é. Ó lè mú ìtẹ̀ kúrò, kí ojú ọ̀pá padà tọ́ bí ti ayé Howe. Ó lè ṣe orí ọ̀pá ní ohun tí a lè yọ, tí a sì lè yí padà kí a tún un kì bọ ẹnu èèkù. Ó sì tún lè sọ ìhà méjèèjì orí ọ̀pá di ojú, kí ẹ̀yìn má sí mọ́. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní ohun tí a ó pàdánù. Ojú tí ó tọ́ kò ní fún rọ́bà ní ìyára àti ìyàsẹ́yìn tí ìtẹ̀ ń fún un. Oríkèé tí a ń yọ a máa mú kí ọ̀pá wúwo sí i, a sì máa jẹ́ ibi tí ó ti lè ṣẹ́. Ojú méjì kò sì bá òfin họ́kì orí pápá mu.

Síbẹ̀, ọ̀pá olójú méjì kì í ṣe ohun àjèjì ní ayé. Ní Skọ́tlándì, àwọn tí ń gbá eré shinty ní ọ̀pá kan tí wọ́n ń pè ní caman. Ìhà rẹ̀ méjèèjì ni a lè fi gbá bọ́ọ̀lù. Orí rẹ̀ rí bí onígun mẹ́ta. Ní Írẹ́lándì, ọ̀pá hurley tí a fi ń gbá eré hurling tẹ́ ní ìhà méjèèjì. Nínú eré méjèèjì wọ̀nyí, kò sí ẹni tí ń bèèrè ọ̀pá òsì tàbí ọ̀pá ọ̀tún, nítorí irinṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò yan ọwọ́. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ ọnà òde òní ń pè ní àrà tuntun nínú họ́kì, ìbátan họ́kì ti ń lò ó láti ọjọ́ pípẹ́.

Ohun tí èdè ní nílé

Bí a bá ń wá orúkọ, ilé ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wá a. Àwọn kan lè fẹ́ kí a pe ọ̀pá họ́kì ní 'ọ̀gọ', nítorí pé ọ̀gọ ní orí tí ó tóbi, tí ó sì tẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gọ ti fara mọ́ Èṣù ní ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí a fi na ènìyàn tàbí kí a fi lé e. Èyí tí ó sún mọ́ ọn jù ní ìrísí ni kọ̀ǹgọ́ tí onídùndún fi ń lu ìlù. Ọrùn rẹ̀ tẹ̀, orí rẹ̀ sì tẹ́. A kò ní láti gba orúkọ kọ̀ǹgọ́ fún họ́kì, nítorí pé onílù ni ó ni ín. 'Ọ̀pá họ́kì' ti wà lẹ́nu àwọn eléré, ó sì tó. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ńlá wà lára kọ̀ǹgọ́. Onídùndún tí ń lo ọ̀tún a gbé ìlù kọ́ èjìká òsì, a fi ọwọ́ òsì fún ọṣán, a sì fi ọ̀tún mú kọ̀ǹgọ́. Onílù tí ń lo òsì a yí gbogbo rẹ̀ padà. Kọ̀ǹgọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́ kọ̀ǹgọ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún rí. Ó tún yẹ kí a ṣàkíyèsí pé ọwọ́ òsì onílù náà, èyí tí kò mú ọ̀pá, ni ó ń mú kí ìlù gun òkè tàbí kí ó sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ kan ń lù, ọwọ́ kejì ń sọ̀rọ̀. Họ́kì náà rí bẹ́ẹ̀.

Fún ẹ̀yà ara ọ̀pá, àdá àti idà ti yanjú ọ̀rọ̀ náà fún wa. Àdá ní èèkù, ó ní imú, ó ní ojú, ó sì ní ẹ̀yìn. Bí a bá sọ fún ọmọ pé kò gbọdọ̀ fi ẹ̀yìn ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù, kò ní bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí pé ó ti mọ ohun tí ẹ̀yìn àdá jẹ́. Fún ọ̀pá tí ìhà rẹ̀ méjèèjì ṣeé lò, 'idà olójú méjì' ti wà nínú Bíbélì Yorùbá tipẹ́; 'ọ̀pá olójú-méjì' kò ní ṣòro fún ẹnikẹ́ni. Èyí tí ó ní ojú kan àti ẹ̀yìn kan yóò jẹ́ 'ọ̀pá olójú-kan'.

Ọ̀rọ̀ òsì

Ó ku ọ̀tún àti òsì. Níhìn-ín, olùtumọ̀ kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ méjèèjì wúwo bákan náà. Ọ̀tún ni a fi ń jẹun, òun ni a fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ní ẹnu àwọn ará Ìbàdàn kan àti àwọn mìíràn tí ń pe 'ṣ' bí 'sí', òsì tí í ṣe ọwọ́ àti òṣì tí í ṣe àìní di ọ̀rọ̀ kan náà ní etí. Ìwé ya wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n etí ọmọ kò ka ìwé. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ń lo òsì ni wọ́n nà ní ọwọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí tí wọ́n fi ń fi ọ̀tún kọ̀wé.

Ṣùgbọ́n apá kan àṣà nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Nínú oyè ogun, bí a ṣe ní Ọ̀tún Balógun ni a ní Òsì Balógun, ìjòyè pàtàkì sì ni. Ọwọ́ òsì ni àwọn Ògbóni fi ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Òsì nínú àwọn wọ̀nyí kì í ṣe àbùkù. Ó jẹ́ ipò, ó jẹ́ ìhà tí ènìyàn dúró sí. Ohun tí ó sì yẹ kí onímọ̀ ìperí fà yọ nìyí: Yorùbá lè lo òsì gẹ́gẹ́ bí ipò láìfi ṣe àpèjúwe ènìyàn. Bí a bá sọ pé 'ọlọ́wọ́ òsì', ènìyàn ni a dárúkọ, gbogbo ohun tí àwùjọ ń rò nípa rẹ̀ a sì bá orúkọ náà wọlé. Bí a bá sọ pé òsì wà ní ìsàlẹ̀, ibi tí ọwọ́ wà nìkan ni a sọ.

Gẹ̀ẹ́sì kò lè fi èyí yangàn sí wa. Ọ̀rọ̀ tí ó fi ń pe ẹni tí ó lè lo ọwọ́ méjèèjì, láti inú èdè Látìn ni ó ti yá a, ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ sì ni ẹni tí ó ní ọ̀tún méjì. Irú Durnan, lójú èdè náà, kò ní òsì rárá. Kò sí ìdí tí Yorùbá yóò fi jogún ẹ̀tanú yẹn. 'Ọlọ́wọ́-dọ́gba' sọ ohun tí ó rí, kò sì bu ọwọ́ kankan kù.

Àbá àti àtakò

Àbá tí ó jáde láti inú gbogbo èyí kò pọ̀. Kí a fi ipò ọwọ́ sọ ọ̀pá lórúkọ. Ọ̀pá tí Gẹ̀ẹ́sì pè ní ti ọ̀tún yóò jẹ́ 'ọ̀pá ọ̀tún-nísàlẹ̀'. Èyí tí ó pè ní ti òsì yóò jẹ́ 'ọ̀pá òsì-nísàlẹ̀'. Kí a fi iye ojú sọ ohun tí ọ̀pá lè ṣe: 'olójú-kan' àti 'olójú-méjì'. Kí a fi ìrísí ojú náà kún un níbi tí ó bá yẹ: 'olójú-títẹ̀' àti 'olójú-títọ́'. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀pá họ́kì orí pápá jẹ́ olójú-kan, ọ̀tún-nísàlẹ̀. Ọ̀pá Gretzky jẹ́ olójú-títẹ̀, òsì-nísàlẹ̀. Caman jẹ́ olójú-méjì, kò sì yan ọwọ́. Ọmọ tí ó bá gbọ́ àwọn orúkọ wọ̀nyí yóò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ kọ̀ọ̀kan sí kí olùkọ́ tó fi hàn án.

Àtakò àkọ́kọ́ tí ènìyàn lè ṣe ni pé àwọn orúkọ wọ̀nyí gùn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n 'ọ̀pá ọlọ́wọ́ ọ̀tún' kò kúrú ju 'ọ̀pá ọ̀tún-nísàlẹ̀' lọ. Bí a bá sì ka àlàyé tí olùkọ́ ní láti ṣe lẹ́yìn èkíní láti tún un ṣe, èkejì ni ó kúrú. Àtakò kejì ni pé 'olójú kan' lè dún bí ọ̀rọ̀ àbùkù sí ẹni tí ojú rẹ̀ kan fọ́, àti pé 'olójú méjì' lè dún bí alágàbàgebè. Èyí náà ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n idà olójú méjì kò rán ẹnikẹ́ni létí alágàbàgebè. Ohun tí a so ọ̀rọ̀ mọ́ ni ó ń yan ìtumọ̀ fún un. Àtakò kẹta ni ó lágbára jù: àwọn eléré wa ti mọ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò sì ní fi í sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Àwọn tí ìperí wà fún ni ọmọ tí kò tí ì mọ̀ àti olùkọ́ tí yóò kọ́ ọ. Nígbà tí Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, àwọn àgbà tí ń ṣe ìwé náà ti mọ gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí àwọn ọmọ ni wọ́n ṣe jókòó wá orúkọ.

Ohun tí ó ju họ́kì lọ

Bí ó bá jẹ́ pé họ́kì nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, ènìyàn lè ní kò tó ohun tí à ń pariwo lé lórí. Ṣùgbọ́n ọ̀tún àti òsì kún inú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Àwọn tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe mọ̀ pé irin tí ó de ìtẹ̀sẹ̀ apá òsì mọ́ ara kẹ̀kẹ́ kì í yí bí èyí tí ó wà ní apá ọ̀tún. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò máa dì í nígbà tí ó rò pé òun ń tú u. Gẹ̀ẹ́sì pe ìyàtọ̀ náà ní ti ọwọ́ ọ̀tún àti ti ọwọ́ òsì, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ kò ní ọwọ́. Ohun tí oníṣẹ́ nílò láti mọ̀ ni ìhà tí yóò yí i sí: bóyá ó ń le bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, tàbí ó ń le ní òdìkejì rẹ̀. Nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì pẹ̀lú, àwọn ohun tí ó wà ní méjì-méjì, tí ọ̀kan jẹ́ àwòrán èkejì nínú dígí, ni Gẹ̀ẹ́sì fi ọwọ́ méjì ṣe àkàwé wọn. Àkàwé náà dára. Ṣùgbọ́n bí olùtumọ̀ bá mú un ní orúkọ láìbèèrè ohun tí ó ń tọ́ka sí, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pá họ́kì ni yóò ṣẹlẹ̀ sí i.

Ìlànà tí ó yẹ kí àwọn tí ń ṣe ìperí dì mú ni pé kí wọ́n wo nǹkan kí wọ́n tó wo ọ̀rọ̀. Ìwé atúmọ̀ kò lè sọ fún olùtumọ̀ pé ọwọ́ òsì ni ó ń yí ọ̀pá. Ọ̀pá ni yóò sọ fún un. Kí ó mú un dání. Kí ó yí i. Lẹ́yìn náà, kí ó wá fi ìperí tí ó bá ṣe dán ọmọ kan wò, ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì ń lo òsì bí ó bá ṣeé ṣe. Kí ó gbé ọ̀pá náà lé e lọ́wọ́, kí ó sì pe orúkọ náà sí i létí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ọwọ́ ọmọ náà bá lọ sí ibi tí ó yẹ, ìperí náà ti yege. Bí ọmọ náà bá dá ọ̀pá padà, tí ó ní wọ́n sọ pé kì í ṣe ti òun, iṣẹ́ kò tí ì parí.